Àlùfáà Samuel Johnson àti Ìwé Ìtàn Tí Ó Sọnù

Ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí kì í ṣe ọmọ Ìgbẹ́tì, ìlú wa. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ Ọ̀yọ́-Ilé bá délẹ̀ láàrin wa, àwa tí ahoro ìlú náà kò jìnnà sí, ìwé rẹ̀ ni a máa ń nawọ́ sí. Ó tọ́ kí a mọ irú ẹni tí ó jẹ́, kí a sì mọ̀ bí ó ti kù díẹ̀ kí ìwé náà má dé ọwọ́ wa rárá.

Ní ìlú Hastings ní ilẹ̀ Sàró ni a ti bí i, ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún 1846. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Henry Johnson, bàbá rẹ̀, ìran Aláàfin Abíọ́dún. Nígbà tí bàbá yìí bá àwọn C.M.S. padà wá ṣiṣẹ́ ìhìnrere ní Ìbàdàn, Samuel bá a wá. Ó kàwé lọ́dọ̀ Àlùfáà David Hinderer ní Kúdẹtì, ó kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Abẹ́òkúta, ó sì padà sí Ìbàdàn ní 1866 láti máa kọ́ àwọn ọmọ. A fi í jẹ díákónì ní 1880, a sì fi Ìjọ Ọ̀yọ́ lé e lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni ó wà títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Nígbà ogun Kírìjì, Johnson ni ó gbé iṣẹ́ Aláàfin Adéyẹmí kìíní dé ọ̀dọ̀ ìjọba Èkó. Ní 1886, Gómìnà Moloney rán òun àti Àlùfáà Charles Phillips sí ibùdó ogun. Wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀ láàrin àwọn Ìbàdàn àti àwọn Èkìtìparapọ̀, títí àwọn olórí ogun fi tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà.

Ní gbogbo àkókò yìí ni ó ń bi àgbà léèrè, tí ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó jókòó ti àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́. Ó gbọ́ tẹnu David Kúkọ̀mí, àgbà Ìjọ Ìbàdàn. Ó gbọ́ ti Lágúnjú, Tìmì Ẹdẹ. Ẹ̀rù ń bà á pé bí àwọn àgbà wọ̀nyí bá kú tán, ìtàn yóò bá wọn wọlẹ̀. Nínú ìwé yìí ni a ti rí i bí Ọ̀yọ́-Ilé ṣe tú: àwọn kan sá lọ sí Kìṣí, àwọn kan sí Ìgbòho, wọ́n sì tún ń padà wá kó ẹrù wọn díẹ̀díẹ̀, nítorí pé ọ̀tá kò tíì mọ̀ pé ìlú ti dahoro. Àwọn tí wọn kì í ṣe Ọ̀yọ́ máa ń sọ pé ojú Ọ̀yọ́ àti ojú Ìbàdàn ni ó fi wo ohun gbogbo. A kò lè bá wọn jiyàn.

Ó parí ìwé náà ní 1897. Ní 1899, a fi í ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Dókítà Obadiah Johnson, àbúrò rẹ̀, dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin náà ní 1900. Èsì tí ó gbà ni pé ìwé ti sọnù, ṣùgbọ́n a óò san owó rẹ̀. Owó kẹ̀! Iṣẹ́ tí ó lé ní ogún ọdún! Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 1901, Àlùfáà Johnson kú, kò tíì pé ẹni ọdún 55.

Obadiah kó àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ jọ, ó sì tún ìwé náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1916, ó fi í sínú ọkọ̀ òkun Appam tí ń lọ sí Ìlú Ọba. Ogun àgbáyé ń lọ lọ́wọ́. Ọkọ̀ ogun Jámánì mú Appam lójú òkun, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ó di 1918 kí ìwé náà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn òǹtẹ̀wé, bébà sì ti wọ́n gógó nígbà náà. Obadiah pàápàá kú ní 1920. Ní 1921 ni a tẹ ìwé náà jáde.