Àlùfáà Samuel Johnson àti Ìwé Tí Ó Sọnù

Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìwé aláwòrán kan wà tí a máa ń já gbà mọ́ ara wa lọ́wọ́. Ibojì àwọn ọba Íjíbítì àti ahoro Róòmù ni ó kún inú rẹ̀. Ahoro Ọ̀yọ́-Ilé kò sí níbẹ̀. Irú ọ̀ràn yìí ti dun Àlùfáà Samuel Johnson kí wọ́n tó bí baba mi: àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà rẹ̀ mọ ìtàn Gíríìkì, Róòmù àti Ìlú Ọba, wọn kò mọ ti ilé wọn.

Hastings ní Sàró ni a bí i sí ní 24 oṣù Okúdù, 1846, ìran Aláàfin Abíọ́dún ni. Ní ìgbà náà, kò tíì ju bí ọdún mẹ́wàá lọ tí Ọ̀yọ́-Ilé di ahoro. Láti kékeré ni àwọn òbí rẹ̀ ti mú un wá sí Ìbàdàn. Ó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Abẹ́òkúta. Nígbà ogun Kírìjì, òun àti Charles Phillips ni wọ́n ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ láàárín àwọn ológun títí àlàáfíà fi dé ní 1886. Lẹ́yìn náà ni ó di àlùfáà ìjọ ní Ọ̀yọ́.

Ẹnu àwọn arọ́kin ni ó ti gbọ́ ìtàn ayé àtijọ́. Ó gba ti ogun lẹ́nu àwọn tí ó ṣojú wọn, bíi David Kúkọ̀mí. (Ọ̀yọ́ ni ó fi ojú wo gbogbo wa, ṣùgbọ́n N. D. Oyèrìndé ti bá wa kọ Ìwé Ìtàn Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1934.)

Ní 1897 ó parí ìwé náà. Ó fi í ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba, ibẹ̀ ni ó sì sọnù sí. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń sunkún nítorí ojú ewé mẹ́wàá, ẹ rò ó wò! Ó kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ṣa àwọn àkọsílẹ̀ tí ó ṣẹ́kù jọ, ó tún gbogbo rẹ̀ kọ. Ní 1916, àwọn ará Jámánì gba Appam, ọkọ̀ òkun tí ó ń gbé e lọ. Ó tó ọdún méjì kí wọ́n tó rí i ní Amẹ́ríkà. 1921 ni ó jáde. Obadiah náà ti kú ní 1920.

Nígbà tí mo lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Ọ̀yọ́ ní ọdún tí ó kọjá, mo sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Wọ́n béèrè bóyá odi Ọ̀yọ́-Ilé ṣì wà. Mo ní ó kù nínú igbó, àwọn awalẹ̀pìtàn sì ti walẹ̀ níbẹ̀ ní 1956. Wọ́n ní kí n fi àwòrán rẹ̀ han àwọn. Mo ṣí ìwé wọn títí dé ẹ̀yìn. Íjíbítì ni mo bá níbẹ̀.