Kenneth Murray: Ẹni Tí Ó Bá Wa Kó Ìṣúra Wa Pa Mọ́

Ẹni tí ó bá ń gba ọ̀nà Èkó lọ sí Abẹ́òkúta kò ní ṣàì mọ Ṣàngó Ọ̀tà. Ọkọ̀ akẹ́rù, èéfín ilé iṣẹ́, àti àwọn òṣìṣẹ́ tí ń sáré kí wọ́n má baà pẹ́ dé ẹnu iṣẹ́, ohun tí ojú ń rí níbẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo tó dé ibẹ̀ ni àwọn agbẹ́gilére ìlú Ọ̀tà ti ń gbẹ́ igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí àwọn ọmọ Àwórì ń gbé e jó láti fi júbà àwọn ìyá wa.

Ẹ̀yin òǹkàwé, níbo ni àwọn igi àtijọ́ wọ̀nyẹn wà lónìí? Ikán jẹ òmíràn, iná jó òmíràn, òmíràn sì gba orí omi lọ sí ìlú òyìnbó. Ní nǹkan bí ọdún 1906 sí 1907, àwọn ayàwòrán tí ń gbé ní Paris, bíi Picasso, Matisse àti Derain, rí ère ilẹ̀ Áfíríkà, ohun tí wọ́n rí sì yí ọwọ́ iṣẹ́ wọn padà. Àwọn olówó tí ń ra àwòrán wọn bẹ̀rẹ̀ sí ra ère náà pẹ̀lú. Dókítà Albert Barnes, ará Amẹ́ríkà tí ó kú ní ọdún 1951, kó àwòrán ilẹ̀ Faransé àti ère Áfíríkà jọ sínú ilé kan náà. Ìlú Philadelphia ni àwọn ènìyàn ti ń lọ wò wọ́n báyìí. Àwọn ará ibẹ̀ ni wọ́n jogún rẹ̀. Àwa ńkọ́? Ta ni ó bá wa kó tiwa jọ sí ilé tiwa? Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tí ó ṣe é ni Kenneth Murray.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti bí Kenneth Crosthwaite Murray ní ọdún 1902. Ó dé Nàìjíríà ní ọdún 1927 láti wá kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà lábẹ́ ìjọba amúnisìn. Kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ kọ́ àwọn ọmọ wa ní àwòrán yíyà. Olóògbé Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Èkó ṣáájú rẹ̀. Ọ̀nà àwọn méjèèjì kò sì papọ̀. Onabolu fẹ́ kí ọmọ adúláwọ̀ ya àwòrán bí ti Yúróòpù, kí òyìnbó lè mọ̀ pé ohun tí ọwọ́ wọn tó, ọwọ́ tiwa náà tó o. Murray ní tirẹ̀ fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ wo inú ìlú rẹ̀, kí ó wo amọ̀kòkò, agbẹ́gilére àti ọdún ìbílẹ̀. Ní ọdún 1937, ó kó iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ márùn-ún lọ ṣe àfihàn ní Zwemmer Gallery ní London. Ben Enwonwu, tí òkìkí rẹ̀ padà kàn káàkiri ayé, wà lára wọn.

Bí Murray ti ń kọ́ni ni ó ń rin ìrìn-àjò, tí ó sì ń rí bí ojúbọ ti ń wó, tí àwọn oníṣòwò sì ń ra ère ní ọ̀pọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí fi owó ara rẹ̀ ra èyí tí agbára rẹ̀ ká. Ní ọdún 1938, wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n sì kan orí idẹ àtàtà. William Bascom, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ra méjì nínú rẹ̀ lọ sí ìlú rẹ̀. Murray àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò dákẹ́. Wọ́n kígbe sí ìjọba pé bí a kò bá ṣe òfin, ilẹ̀ yìí yóò ṣófo. Ọdún 1950 ni orí méjèèjì padà wálé. Ọ̀kan mìíràn ṣì wà ní British Museum títí di òní olónìí.

Ní ọdún 1943, ìjọba fi Murray ṣe alábòójútó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ gbéra sọ. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, tí a ń pè ní mùsíọ́ọ̀mù, ṣí ní Ẹ̀síẹ́ ní 1945, ti Jọ́ọ̀sì ṣí ní 1952 lábẹ́ Bernard Fagg, òfin tí ó de kíkó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde sì dé ní 1953. Ní 1957 ni ti Oníkàn ní Èkó ṣí. Ohun tí Murray ti kó jọ ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ó fẹ̀yìntì ní ọdún náà, síbẹ̀ ó tún padà wá ṣiṣẹ́ ní àwọn ọdún 1960. Ìjàǹbá ọkọ̀ ni ó pa á ní Nàìjíríà ní ọdún 1972.

A kò ní tìtorí pé òkú ni kí a sọ ọ́ di òrìṣà. Ìránṣẹ́ ìjọba amúnisìn ni. Igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí ó wà nínú gíláàsì kò lè jó mọ́, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ni kò sì ní orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ wọn lára. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Murray wà lọ́jà nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi ogún wa dáná, ó sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ní ọdún 2001, àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ogún gbogbo ayé. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìkéde kì í gbẹ́ igi. Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí a bá lọ sílé fún ìsinmi, kí a má kọjá ní Ṣàngó lásán. Ẹ jẹ́ kí a yà wọ inú Ọ̀tà, kí a jókòó ti àwọn àgbà, kí a béèrè orúkọ àwọn agbẹ́gilére tí ó ti kú àti àwọn tí ó ṣẹ́kù, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àlejò ti fi owó rẹ̀ ṣe tirẹ̀. Bí àwa onílé kò bá lè fi gègé lásán ṣe tiwa, kí ni a ó sọ fún àwọn ọmọ wa?