Nathaniel Akínrẹ̀mí Fádípẹ̀

Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ilé-ìwé ni ó ti gbọ́ nípa àwọn oníṣègùn àti àwọn agbẹjọ́rò tí ó kọ́kọ́ ti ilẹ̀ wa lọ kàwé ní òkè òkun. Ìwọ̀nba ni àwọn tí ó mọ̀ nípa ọkùnrin Ẹ̀gbá kan tí ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa bí ọmọ ènìyàn ṣe ń bá ara wọn gbé, èyí tí a ń pè ní sosiọ́lọ́jì.

Ní ọdún 1893 ni a bí Fádípẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ọmọ oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi ni. Ó kàwé ní CMS Grammar School ní Èkó, lẹ́yìn náà ni ó sì di akọ̀wé. Iṣẹ́ tí ó níyì ni iṣẹ́ akọ̀wé láyé ìgbà náà, ẹni tí ó bá ti rí i ṣe kì í fẹ́ fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Fádípẹ̀ ti lé ní ẹni ọgbọ̀n ọdún, ó kọ iṣẹ́ sílẹ̀, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì jókòó láàrin àwọn tí ó lè pè ní àbúrò rẹ̀ láti kẹ́kọ̀ọ́. Ó gba oyè àkọ́kọ́ ní London School of Economics. Ó tún kàwé ní Columbia ní Amẹ́ríkà, ó sì ṣe olùkọ́ ní Achimota, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí.

Nígbà tí ó padà sí London láti wá oyè ọ̀mọ̀wé, àwọn ará ilé rẹ̀ gan-an ni ó yàn láti kọ̀wé lé lórí. Lójú tèmi, ìgboyà ńlá ni èyí. Àwọn òyìnbó ni ó sábà máa ń kọ̀wé nípa àṣà àwọn ènìyàn dúdú nígbà náà. Fádípẹ̀ kọ̀wé nípa agbo ilé, ìgbéyàwó, oyè jíjẹ, ẹ̀sìn, ọ̀wẹ̀, àáró, èésú àti ìwọ̀fà. Ohun tí ojú wa ti mọ́ ni àwọn nǹkan wọ̀nyí, a kò sì kà wọ́n sí ohun tí ó yẹ kí a wádìí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá lọ sí àgbègbè ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ tí ó wà ní Ìkòròdú lónìí, tí ó béèrè bí àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ti ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá ṣe ń dá èésú, irú ìbéèrè tí Fádípẹ̀ béèrè ni òun náà ń béèrè.

Ó gba oyè náà ní ọdún 1939, nígbà tí ó ń lọ sí ẹni ọdún 46. Ọdún náà gan-an ni ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Yúróòpù. Jomo Kenyatta ará Kẹ́ńyà, tí òun náà kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí, ti tẹ ìwé tirẹ̀ jáde ní 1938. Ti Fádípẹ̀ kò rí ẹni tẹ̀ ẹ́. Ní ọdún 1944 ni ó kú, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì wà nínú àpótí ìwé ní London.

Láàrin àwọn ọdún 1960, àwọn yunifásítì ilẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀kọ́ yìí kọ́ ọmọ. Francis Olú Òkédìjí àti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé iṣẹ́ náà yẹ̀ wò, wọ́n tún un tò, ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1970. Ó ti di ọdún 31 tí Fádípẹ̀ ti kọ ọ́ tán.