Orlando Martins

Orlando Martins (8 Oṣù Kejìlá 1899 – 25 Oṣù Kẹsàn-án 1985) jẹ́ òṣèré orí ìtàgé àti ti sinimá, ọmọ bíbí ìlú Èkó. Ó wà lára àwọn ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba orúkọ nínú sinimá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi Mauretania, níbi tó ti ń kó èédú sínú iná. Lẹ́yìn ogun, ó tẹ̀dó sí London. Ọkùnrin sígbọnlẹ̀ ni, ohùn rẹ̀ sì jinlẹ̀. Agbára ara yìí ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń gbà á síṣẹ́. Ó jàkadì fún owó, ó fi ejò dárà nínú ẹgbẹ́ sákọ́ọ̀sì, ó sì bá ẹgbẹ́ oníjó bálẹ́ẹ̀tì ti Diaghilev gun orí ìtàgé, gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àwọn tó kàn ń dúró lẹ́yìn àwọn oníjó.

Ipa kékeré ni ó kó nínú Sanders of the River (1935), fíìmù tó gbé ìjọba amúnisìn ga. Ní 1936, ó bá Paul Robeson ṣe eré tí C. L. R. James kọ nípa Toussaint Louverture, akọni ilẹ̀ Haiti. Nínú Men of Two Worlds (1946), òun ni Magole, adáhunṣe tí gbogbo abúlé ń bẹ̀rù.

Ipa tó sọ ọ́ di ẹni mímọ̀ jù lọ ni ti Blossom nínú The Hasty Heart. Ó kó o lórí ìtàgé ní London ní 1945, lẹ́yìn náà nínú fíìmù (1949) tí Vincent Sherman, olùdarí láti Hollywood, ṣe. Ronald Reagan, tó di Ààrẹ Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà, wà nínú rẹ̀. Ọmọ ogun Áfíríkà ni Blossom, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ó dùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn ológun kan ní Burma pẹ̀lú ọmọ ogun Scotland kan tí kò ní pẹ́ kú. Nígbà tí ẹni yìí gbọ́ pé ikú ti sún mọ́ ọn, ó gbà pé àánú lásán ni àwọn yòókù fi ń ṣọ̀rẹ́ òun, ó sì ju ẹ̀gbà ọrùn tí Blossom fún un sílẹ̀. Nígbà tó yá, ó yé e pé Blossom kò mọ nǹkan kan nípa ikú náà. Ìfẹ́ ni ó fi ta á lọ́rẹ. Gbogbo ìtàn náà rọ̀ mọ́ ọkùnrin tí kò sọ̀rọ̀ yìí. Ojú àti ìdúró nìkan ni Martins ní láti fi sọ ọ́, ó sì sọ ọ́ dáadáa.

Nígbà tó padà sí Nàìjíríà, ó kópa nínú Kongi's Harvest (1970), èyí tí Wọlé Ṣóyínká kọ tí Ossie Davis sì darí. Èkó ni ó kú sí.