Charles Darwin àti Àwọn Ẹyẹ Erékùṣù

Wọ́n bí Charles Darwin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1809. Ó fẹ́ràn láti máa kó kòkòrò jọ. Ní ọjọ́ kan, ó mú kòkòrò kan ní ọwọ́ ọ̀tún, òmíràn ní ọwọ́ òsì. Ló bá tún rí ẹ̀kẹta! Kí ó lè mú un, ó ju ọ̀kan sẹ́nu. Kòkòrò náà tu omi tó ń ta bí ata sí i láhọ́n. Kíá ni Charles tu ú dànù.

Dókítà ni bàbá rẹ̀. Ó fẹ́ kí Charles náà di dókítà, ṣùgbọ́n Charles kò lè wo ẹ̀jẹ̀. Ní Edinburgh, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tó ti jẹ́ ẹrú rí, John Edmonstone, kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú òkú ẹyẹ kí ó má baà jẹrà. Ẹ̀kọ́ yìí ló wúlò fún un jù.

Ní ọdún 1831, ó wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń jẹ́ Beagle. Wọ́n dúró ní Cap-Vert, ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Charles rí ìlà funfun kan lára òkè etíkun. Ìkarahun ẹran omi ló kún inú rẹ̀! Ó yé e pé abẹ́ òkun ni ibẹ̀ wà rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni òkúta tí wọ́n ń wa ní Onigbolo láti fi ṣe sìmẹ́ńtì: abẹ́ òkun ló ti di òkúta. Ayé ti pẹ́ gan-an, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń yí padà.

Ní ọdún 1835, wọ́n dé àwọn erékùṣù Galapagos. Charles kó àwọn ẹyẹ kéékèèké ibẹ̀. Àgógó ẹnu àwọn kan nípọn, ti àwọn mìíràn tẹ́ẹ́rẹ́. Irú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, síbẹ̀ ẹbí kan náà ni wọ́n. Báwo ni ẹbí kan ṣe di irú púpọ̀?

Charles padà sílé, ó ń sin ẹyẹlé, ó ń ronú. Ọmọ ẹyẹlé a máa jọ òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í rí bákan náà gẹ́lẹ́. Ẹni tó ń sin ẹyẹlé a máa ṣa èyí tó wù ú, kí ó lè bímọ púpọ̀. Ní ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Pobè ní ọdún 1922, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣa ọ̀pẹ tó so dáadáa fún irúgbìn.

Ní Galapagos, kò sí ẹni tó ń ṣa ẹyẹ. Ebi ló ń ṣà wọ́n. Bí ọ̀dá bá dá, tó ku kóró líle nìkan, ẹyẹ tí àgógó ẹnu rẹ̀ nípọn ló lè fọ́ ọ jẹ. Òun ni yóò yè, òun ni yóò bímọ. Níbi tí kòkòrò bá ti jẹ́ oúnjẹ, àgógó tẹ́ẹ́rẹ́ ló dára. Lẹ́yìn ọdún tí kò lóǹkà, àwọn ẹyẹ méjèèjì kì í bá ara wọn bímọ mọ́. Wọ́n ti di irú méjì.

Ẹ̀rù ba Charles láti sọ èyí. Ní ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹran kì í yí padà láéláé. Ó pa á mọ́ fún nǹkan bí ogún ọdún. Ní ọdún 1858, Alfred Wallace kọ lẹ́tà sí i láti òkèèrè. Òun náà ti ronú kan ohun kan náà! Charles yára kọ ìwé rẹ̀, ó sì jáde ní ọdún 1859. Inú bí àwọn kan. Wọ́n tilẹ̀ ya Charles bí ọ̀bọ.

Charles kú ní ọdún 1882. Kò mọ ohun tó ń mú kí ọmọ jọ òbí. Àwọn onímọ̀ tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ló rí i: jíìnì ni. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i. Nígbà mìíràn, jíìnì a máa yí padà díẹ̀ kí ó tó dé ara ọmọ, àgógó ọmọ ẹyẹ kan a sì nípọn ju ti ìyá rẹ̀ lọ.