Paul Flechsig àti Ọ̀nà Inú Ọpọlọ Ìkókó

Gbogbo àwa tí à ń kọ́ nípa àwòrán ọpọlọ la mọ̀ pé ọpọlọ ọmọ tuntun kì í gbó lẹ́ẹ̀kan náà: apá kan á ti múra tán, òmíràn á ṣì máa bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ̀rọ MRI ló ń fi í hàn wá lónìí. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí 100 ọdún kí ẹ̀rọ náà tó dé ni Paul Flechsig ti rí i. Mo fẹ́ kí a mọ ọkùnrin yìí.

Ìlú Zwickau ní Jámánì ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1847. Yunifásítì Leipzig ló ti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, ibẹ̀ náà ló sì ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì.

Nínú ọpọlọ àgbàlagbà, àìmọye okùn iṣan ló lọ́ mọ́ra wọn, funfun sì ni wọ́n, nítorí pé ọ̀rá tí à ń pè ní myelin ti bò wọ́n. Ta ló lè mọ ibi tí ọ̀kan gbà? Flechsig bá yíjú sí ọpọlọ àwọn ìkókó tó ti kú. Ó rí i pé ọ̀rá náà máa ń bo àwọn okùn ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé ni, bí ìlú tí wọ́n ń da ọ̀dà sí títì rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá débẹ̀ nígbà tí títì kan ṣoṣo ṣì ni ọ̀dà, á mọ ibi tó ti wá àti ibi tó ń lọ. Ìwé tó fi ṣàlàyé àwọn ọ̀nà wọ̀nyí jáde ní ọdún 1876.

Ó fi hàn pé apá tó wà fún ìfọwọ́kàn, ìríran, ìgbọ́ràn àti ìrìn ló ń ṣíwájú. Àwọn apá tó ń pa ìmọ̀ wọ̀nyí pọ̀ ló ń kẹ́yìn. Nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1920, ó pín èèpo ọpọlọ sí apá tó lé ní 40.

Mi ò ní fi ìyìn nìkan bò ó. Ní ọdún 1882, ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Leipzig bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọpọlọ tó wà lórí tábìlì ló gbà á lọ́kàn ju aláìsàn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì lọ. Ó lé Emil Kraepelin kúrò lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀, ẹni tó padà di ọ̀gá nínú ìmọ̀ náà. Adájọ́ Daniel Paul Schreber, tó gba ìtọ́jú lọ́wọ́ rẹ̀, fẹ̀sùn kàn án nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1903.

Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ní ààlà kan tó ń dunni: ọmọ tó bá ti kú nìkan ló lè wò. Kò lè mọ bí ọmọ náà ì bá ṣe rìn tàbí sọ̀rọ̀. Lónìí, àwọn olùwádìí ní King's College London àti ibòmíràn máa ń jẹ́ kí ìkókó jẹun yó, kó sùn, kí wọ́n tó yàwòrán ọpọlọ rẹ̀. Ọmọ á padà sílé, wọ́n á sì tún yẹ̀ ẹ́ wò bó bá ti ń dàgbà.

Flechsig kú ní Leipzig ní ọdún 1929. Síbẹ̀, bí afẹ́fẹ́ kò bá dé ọpọlọ ọmọ tó nígbà ìbí, ọ̀kan nínú ibi tí dókítà máa ń yẹ̀ wò nínú àwòrán MRI ni ọ̀nà tó ń gbé àṣẹ ìrìn lọ sí ọ̀pá ẹ̀yìn. Bí ọmọ náà bá pé oṣù, ó yẹ kí ibẹ̀ ti ń funfun. Bí kò bá funfun, dókítà á mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ìrìn nira fún ọmọ náà, ìtọ́jú á sì tètè bẹ̀rẹ̀. Flechsig wà lára àwọn tó tọpa ọ̀nà yẹn, lára àwọn ọmọ tí kò gbé ẹsẹ̀ rìn rí.