ROBERT MANNING: AKÁŃTÁǸTÌ TÍ Ó WỌN OMI

Ọmọ Ìbàfò ni mí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ agbègbè Ìbàfò, Mowé àti Ìfọ̀ mọ̀ pé Odò Ògùn kò jìnnà sí wa, àti pé ilẹ̀ etí odò náà tẹ́ pẹrẹsẹ. Ní ọdún kan, omi wọ yàrá ìyá mi, ó sì ba gbogbo gàrí wọn jẹ́. Nígbà tí mo wọ yunifásítì láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, orúkọ kan ni mo ń bá pàdé nígbàkúùgbà tí a bá sọ̀rọ̀ omi: Manning. Mo rò pé ọ̀mọ̀wé ńlá kan ni. Àṣé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ní Normandy, nílẹ̀ Faransé, ni a bí Robert Manning ní ọdún 1816, ọdún kan lẹ́yìn ogun Waterloo tí bàbá rẹ̀ bá wọn jà. Ní 1826 ó dé Waterford ní Ireland, níbi tí ó ti ṣe iṣẹ́ akáńtáǹtì. Ní 1846, nígbà tí ìyàn ńlá mú ní Ireland, ó wọ iṣẹ́ ìjọba, ní ẹ̀ka tí ń la odò tí ó sì ń fa omi kúrò lórí ilẹ̀. Iṣẹ́ àwòrán ni wọ́n kọ́kọ́ fún un. Nígbà tí yóò fi di 1848, ó ti di ẹnjiníà àgbègbè. Kò kọ́ ìmọ̀ ìrìn omi nílé-ẹ̀kọ́ kankan. Ìwé d'Aubuisson, ará Faransé, ni ó fi kọ́ ara rẹ̀.

Láti 1855 títí di 1869, ó ṣiṣẹ́ fún Marquis ti Downshire. Ó bójú tó kíkọ́ èbúté Dundrum Bay, ó sì ṣètò omi fún ìlú Belfast. Lẹ́yìn náà ó padà sí iṣẹ́ ìjọba, ó sì di olórí ẹnjiníà ní 1874.

Àgbà ti dé sí i kí ó tó ṣe èyí tí ayé fi mọ̀ ọ́n. Ní 1889, ní ẹni ọdún 73, ó gbé ìlànà méje tí àwọn ènìyàn fi ń ṣírò ìyára omi yẹ̀ wò, ó sì fà ọ̀kan ṣoṣo yọ láti inú wọn. Bí ojú omi bá ṣe dagun sí, tí omi sì jìn sí, ni yóò ṣe yára sí. Bí ara ọ̀nà rẹ̀ bá ṣe rí ṣákiṣàki sí, ni yóò ṣe fà sí. Ohun ìyanu ni pé Manning fúnra rẹ̀ kò fẹ́ràn ìlànà yìí, nítorí ìṣirò rẹ̀ le, òṣùwọ̀n inú rẹ̀ kò sì bára mu. Ó gbé òmíràn kalẹ̀, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ ni ayé mú. Ó fẹ̀yìn tì ní 1891, ó sì kú ní 1897.

Ní ìgbà ìsinmi, mo bá bàbá mi nílé, wọ́n fẹ́ kọ́lé sórí ilẹ̀ kan létí odò nítorí pé owó rẹ̀ kò wọ́n. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì ṣàlàyé. Gọ́tà kọnkéré tí ó dán, 0.013 ni Manning fi ń ṣírò rẹ̀. Èyí tí koríko kún fọ́fọ́ lè tó 0.1. Ìyẹn ni pé omi yóò fi ju ìlọ́po méje lọ falẹ̀. Omi tí kò rí ọ̀nà lọ kò ní ṣàì gun òkè, ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni yóò sì kọ́kọ́ gbà. Bàbá mi dákẹ́ títí. Ilá àti ẹ̀fọ́ ni ó wà lórí ilẹ̀ náà lónìí.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, abéèrè kì í ṣìnà. Akáńtáǹtì ni Manning kí ó tó béèrè bí omi ṣe ń rìn. Kí àwa náà béèrè kí a tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀.